Ọjà Kì í Tẹ̀lé Páànù: Ìdí Tí Èrò Kò Fi Bá Àwọn Ìsọ̀ Kúrò ní Terminus

Bí ìbò bá ti ń súnmọ́ ní Jọ́ọ̀sì, ìlérí ọjà ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn olùdíje. Wọn a wá sí ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá, wọn a dé fìlà abetí-ajá, wọn a fi gbólóhùn Yorùbá méjì tí ẹnìkan kọ́ wọn nínú ọkọ̀ kí àwọn àgbà, wọn a sì ṣèlérí pé àwọn yóò kọ́ ọjà ìgbàlódé sí ibì kan tí ó gbòòrò, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí kò ní sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìpàdé a pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó ń dìde béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó ṣe kókó: àwọn wo ni yóò wá rajà níbẹ̀?

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Láti oṣù kejì ọdún 2002, nígbà tí iná jó Ọjà Ńlá Jọ́ọ̀sì, ni ó ti wà nílẹ̀. Ọjà náà wà lára àwọn ọjà abẹ́ òrùlé tí ó tóbi jùlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Terminus ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé ìtòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí ni ó wà. Àwọn alárobọ̀ ń ti Bauchi, Gombe, Lafia àti Makurdi wá rajà níbẹ̀. Yorùbá a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ti Jọ́ọ̀sì jó, eérú ni ó bù sí i. Agbára kúrò lọ́wọ́ Joshua Dariye bọ́ sọ́wọ́ Jonah Jang, ó kúrò lọ́wọ́ Jang bọ́ sọ́wọ́ Simon Lalong, ó kúrò lọ́wọ́ Lalong bọ́ sọ́wọ́ Caleb Mutfwang. Ní 2022, ogún ọdún gbáko lẹ́yìn iná, ètò kan láti fi owó báńkì tún ọjà náà kọ́ dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí pé àwọn aráàlú fẹ́ mọ ẹni tí yóò ni ilẹ̀ náà lọ́la àti ẹni tí yóò ni ìsọ̀ níbẹ̀. Ìjọba Lalong parí, wọn kò kọ́ ọ.

Níbo ni àwọn tí ìsọ̀ wọn jóná wá gbà lọ? Àwọn kan lọ sí Laranto, àwọn kan lọ sí Katako, àwọn mìíràn gba Bukuru lọ. Àwọn kan bá ara wọn ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Satellite, lójú ọ̀nà Rukuba. Àwọn tí ó kù, tí wọn kò kéré rárá, tẹ́ àtẹ wọn sí etí títì ní Ahmadu Bello Way, ní Rwang Pam Street, àti ní gbogbo àyíká ibi tí iná ti jó náà. Láti ìgbà náà ni eré kan náà ti ń wáyé léraléra. Ìjọba á kéde pé kò gbọdọ̀ sí ọjà títà lójú títì mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, wọn á da àtẹ nù, wọn á kó ẹrù lọ. Àwọn ọlọ́jà á kó lọ sí ibi tí wọ́n ní kí wọ́n lọ, wọn á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á máa lé eṣinṣin. Nígbà tí olórí àjọ bá wá gba owó, tí kò bá nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, wọn á padà sí etí títì. Ẹnu àwọn aláṣẹ kò ju ọ̀kan lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ní alágídí ni ọlọ́jà, wọ́n ní ó fẹ́ràn ìdọ̀tí, wọ́n ní ojú rẹ̀ kò tíì là.

Irọ́ gbáà ni. Kò sí ìyá tí ó fẹ́ràn kí òjò Jọ́ọ̀sì, tí ó máa ń gbé yìnyín wá nígbà mìíràn, máa pa á pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn kí ọyẹ́ oṣù kìíní máa là á létè láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tàbí kí ó máa fi etí kan gbọ́ ti oníbàárà, kí ó máa fi èkejì gbọ́ bóyá ọkọ̀ àwọn tí ń kó ẹrù ti ń bọ̀. Ọlọ́jà wà ní etí títì nítorí pé ibẹ̀ ni oníbàárà wà. Bí oníbàárà bá wà ní ọ̀nà Rukuba, ọlọ́jà yóò ti jí débẹ̀ kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bọ́jú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe àwọn ọjà tí wọ́n kó kúrò ní àárín ìlú, kí ó fi ọlọ́jà sílẹ̀ ná, kí ó lọ wo ẹsẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ rajà.

Ojú ọ̀nà ni í bí ọjà. Ní Àkúrẹ́, iwájú ààfin ni Ọjà Ọba wà, kì í ṣe nítorí pé ọba fẹ́ràn ariwo, bí kò ṣe pé ọ̀nà ìlú ló já síbẹ̀. Terminus pàápàá, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ́ ilé ńlá sí i, ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ìwakùsà ni ó kó èrò wá sórí òkè Jọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ń kó ẹrù wọn lọ tí ó ń kó o bọ̀. Ibi tí ọkọ̀ náà ti ń dúró ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ọ̀fà àti àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń tajà àwìn ti sọ ẹrù kalẹ̀. Títí di òní, ọ̀nà Bauchi, ọ̀nà Zaria, ọ̀nà Bukuru àti ọ̀nà Rukuba fúnra rẹ̀, àárín ìlú ni gbogbo wọn ń da èrò sí.

Nítorí náà, apá ńlá nínú ohun tí ọlọ́jà Terminus ń tà, ẹni tí ó ń kọjá ni ó ń rà á. Akọ̀wé tí ó ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀ rí ata tútù, ó dúró. Obìnrin tí ó lọ gba owó ní báńkì rántí pé bàtà ọmọ òun ti ya, ó yà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó sọ pé ọjà ni òun ń lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọjà kúrò lójú ọ̀nà àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni gbogbo ìtà yẹn kú, láìkù síbì kan, kí ọlọ́jà tó ṣí ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ tuntun. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún un ni ẹni tí ó dìídì gbéra nílé nítorí rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Jọ́ọ̀sì jiyàn, tí wọ́n gbé kúrò ní ìgboro lọ sí Lamingo tí àwọn aláìsàn sì tẹ̀lé e, kí ó rántí pé aláìsàn kò ní ibòmíràn tí yóò gbà. Ẹni tí ó fẹ́ ra bàtà ní ibi ogún.

Owó ọkọ̀ tún ń bẹ níbẹ̀, èyí tí àwọn tí ń gun ọkọ̀ ìjọba kì í rò. Ní 2010 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin de ọ̀kadà ní Jọ́ọ̀sì àti Bukuru, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì gba ipò rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kì í ná ojú ọ̀nà tí kò sí èrò. Ẹni tí ó ń ti Bukuru bọ̀ lè wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo dé Terminus. Bí ó bá fẹ́ dé ọjà tí ó wà lẹ́yìn Terminus, yóò wọ ọkọ̀ kejì, yóò sì tún wọ méjì bí ó bá ń padà, pẹ̀lú àpò ìrẹsì lórí itan. Bí ó bá fi owó ọkọ̀ náà kún iye ọjà, ọjà tí wọ́n pè ní ọ̀pọ́ ti di ọ̀wọ́n. Ó sàn kí ó ra èyí tí ó gbówó lórí díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ohun tí ó sì ń ṣe gan-an nìyẹn: ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀bù kékeré fi kún gbogbo àdúgbò, tí ẹni tí ó ti jẹ́ àgbà oníṣòwò ní Terminus rí fi ń ta súgà ní ìwọ̀n ife ní iwájú ilé.

Ọjà ńlá tún ní agbára kan tí kò sí lára ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn aláṣọ wà ní ìlà kan, tí àwọn alábọ́ wà ní èkejì, tí ẹní, bàtà, ìwé ọmọ iléèwé àti ohun èèlò ilé tẹ̀lé ara wọn, oníbàárà lè ná a níhìn-ín, kí ó ná a lọ́hùn-ún, kí ó padà wá sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ọlọ́jà tí aṣọ kan tán lọ́wọ́ rẹ̀ á sáré gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì, kò ní jẹ́ kí oníbàárà mọ̀. Aláàárù mọ ilé àwọn tí ń gba ẹrù. Wọ́n mọ ẹni tí a lè tà láwìn àti ẹni tí kò yẹ kí á dá lóhùn. Iná 2002 fọ́n gbogbo ìmọ̀ yìí ká. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀fọ́ àti tòmátì lọ́pọ̀ á lọ sí Farin Gada, ẹni tí ó fẹ́ pákó á lọ sí Katako, àwọn yẹn sì ń rọ́wọ́ mú nítorí pé ohun kan tí èrò mọ̀ mọ́ wọn ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń tà á lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ohun mẹ́fà láti rà, tí ó sì fẹ́ padà kí ọmọ tó ti iléèwé dé, kò ní ibì kan tí ó lè gbà lọ mọ́ bí kò ṣe etí títì. Nígbà tí wọ́n bá wá kó ìdá mẹ́wàá àwọn ọlọ́jà lọ sí ọjà tuntun tí wọ́n sì fi mẹ́sàn-án sílẹ̀, oníbàárà tí ó bá lọ sí ọjà tuntun náà lẹ́ẹ̀kan, tí ó bá ìsọ̀ mẹ́ta tí ó ṣí láàárín ogún tí ó tì, kò ní lọ lẹ́ẹ̀kejì. Yóò sì sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Kò túmọ̀ sí pé a kò lè gbé ọjà láti ibì kan sí ibòmíràn. Àwọn aláṣọ Gbági ní Ìbàdàn kúrò ní àárín ìgboro lọ sí Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ọjà tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè lẹ́yìn náà, èrò sì bá wọn lọ. Wòye ohun tí ó mú un rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n mọ̀ mọ́ Gbági, aṣọ náà ni ó sì lọ síbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó wọ ìlú ni wọ́n gbà, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń ti Ifẹ̀, Iléṣà tàbí Àkúrẹ́ bọ̀ lè dúró rajà kí ó tó kó sínú ìgboro. Oníbàárà Gbági, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ará Ìbàdàn. Wọ́n gbé ọjà pàdé èrò lójú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n ń ṣètò ní Jọ́ọ̀sì ń gbé ọjà sá fún èrò.

Ó sì yẹ kí á ka ìwé Tẹ́júoṣó náà, ní Yàbá, l'Ékòó. Ọjà yẹn jó ní oṣù kejìlá ọdún 2007. Wọ́n tún un kọ́ ní ilé alájà gogoro pẹ̀lú owó àwọn oníléeṣẹ́, wọ́n sì ṣí i ní 2014. Ilé náà dára lójú. Kò sí ẹni tí ó gbé e lọ sí ibòmíràn pàápàá, ojúlé rẹ̀ àtijọ́ ni ó wà. Síbẹ̀, iye tí wọ́n dá lé ìsọ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìsọ̀ wọn jóná. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ wà ní títì fún ìgbà pípẹ́, pàápàá àwọn tí ó wà lókè, nígbà tí èrò ń ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nísàlẹ̀. Oníbàárà kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ ra tòmátì. Ẹni tí ó bá ń mú àwòrán ilé alájà mẹ́rin kiri ní Jọ́ọ̀sì nísinsìnyí, tí ó ń sọ pé ohun ìyanu ni, kí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n mọ Yàbá bi í léèrè bóyá ó ti débẹ̀ rí.

Gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí lè ṣẹlẹ̀ ní ìlú èyíkéyìí. Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti Jọ́ọ̀sì gan-an, àwọn olùdíje sì máa ń fò ó dá, bóyá nítorí pé inú rẹ̀ ni ìbò wọn wà. Ìjà ìgboro oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ti kọ́kọ́ ya ìlú kí iná tó jó ọjà. Ti oṣù kọkànlá ọdún 2008, tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North tanná ràn, fẹ ààlà náà sí i. Ti oṣù kìíní ọdún 2010 dé, ó tún mú un le sí i. Àwọn Mùsùlùmí kó kúrò ní àdúgbò kan, àwọn Kìrìstẹ́nì kó kúrò ní òmíràn. Àwọn kan ṣì wà títí di òní tí wọn kì í wọ kẹ̀kẹ́ tí ń lọ sí apá ibì kan ní ìlú yìí, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, Terminus jẹ́ ilẹ̀ àjọni. Kò sí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn tí ó lè nawọ́ sí i pé tòun ni. Hausa, Birom, Ìgbò, Yorùbá àti Ùròbò jọ ń ná ọjà ibẹ̀, ẹni tí kò bá sì fẹ́ bá aládùúgbò rẹ̀ jẹun máa ń bá a ná ọjà. Bí wọ́n bá gbé ọjà wọ àdúgbò, ọjà àdúgbò náà ni yóò dà, orúkọ yòówù kí ìjọba kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni yóò dúró síbẹ̀ láti lé èrò padà. Ìdajì ìlú yóò kàn rò ó lọ́kàn pé, bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà wo ni ẹsẹ̀ òun yóò gbà délé? Ẹni tí ó bá ti ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn kò ní lọ ra ẹní síbẹ̀. Ìdí pàtàkì nìyí tí àwọn ọjà ẹ̀yìn ìgboro kò fi lè gba ipò Terminus, kò sì sí iye ọ̀dà tí wọ́n lè fi kun ògiri wọn tí yóò wò ó sàn.

Kò sí ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ lára tó ọmọ Yorùbá. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ìyá wọn sì ń pín ẹran Iléyá àti ẹran Kérésìmesì láti inú ìkòkò kan. Nígbà tí ìlú bá pín ọjà sí méjì, àárín irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ààlà ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n ní ìsọ̀ ní apá kan tí aya àbúrò kò lè gbé oúnjẹ dé. Àbúrò ní ẹrù ní apá kejì tí ẹ̀gbọ́n kò lè wá bá a ṣọ́. Oníṣòwò Yorùbá tí ó ti ń tà fún gbogbo ènìyàn láti ìgbà ìwakùsà ti di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ yan ìdajì oníbàárà tí yóò pàdánù. Ẹni tí ó bá ń polongo ìbò fún àwọn Yorùbá tí kò rí èyí, kò tíì rí wọn.

Ó tọ́ kí á gbọ́ tẹnu ìjọba. Ó ní etí títì kì í ṣe ọjà, òótọ́ ni. Ọkọ̀ panápaná kò lè kọjá níbi tí àtẹ bá ti dí ọ̀nà. Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2014, bọ́ǹbù dún láàárín èrò ní àyíká Terminus, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú lọ́jọ́ kan. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹ̀yà tí kò rí òkú tirẹ̀ gbé. Èrò tí ó há mọ́ra láàárín ọkọ̀ àti àtẹ, láìsí ẹnu ọ̀nà, láìsí ẹni tí ń wo ohun tí ń wọlé, ewu ni. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá kankan gbèjà etí títì bí ẹni pé ogún bàbá ni.

Ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ tí ìjọba fà yọ níbẹ̀ ni kò tọ̀nà. Bí èrò kò bá yé wá sí Terminus fún gbogbo ọdún wọ̀nyí láìsí òrùlé kankan, ohun tí ó kù ni kí á fi òrùlé, ẹnu ọ̀nà, omi panápaná àti ẹ̀ṣọ́ bá wọn níbẹ̀. Ìjọba tí ó ń lé èrò kúrò níbi tí wọ́n wà láti lọ dúró ti ìsọ̀ tí ó wà níbi tí wọn kò sí, owó ara rẹ̀ ni ó ń fi ṣòfò pẹ̀lú. Ìsọ̀ tí ó tì kì í san owó ọjà fún ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí ó sì ń ná láti máa lé wọn láti ọdún dé ọdún, ọkọ̀, epo àti owó oṣù àwọn tí ń da àtẹ nù, kò tíì sí gómìnà tí ó kà á síta fún aráàlú.

Ohun tí ó yẹ kí olùdìbò gbọ́ lẹ́nu olùdíje kò ṣòro láti sọ bí ó bá ti rò ó. Kí ó sọ pé Terminus gan-an ni yóò tún kọ́, kì í ṣe ibòmíràn. Kí ó kọ́ ọ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí alájà kan, ní abala abala, kí àwọn tí wọ́n wà ní etí títì lè máa wọlé bí abala kan bá ti ń parí, dípò kí wọ́n lé gbogbo ènìyàn lọ lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Kí ó fi ìka tọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ Bukuru yóò ti máa já èrò, nítorí pé bí gáréèjì bá jìnnà sí ọjà, gbogbo ìnira tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó dárúkọ iye owó ìsọ̀, kí ó sì sọ bóyá ẹni tí kò ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń san àjọ. Ní ti àwọn ọjà tí wọ́n ti kọ́ sí ẹ̀yìn ìgboro, kò yẹ kí wọ́n wó wọn. Kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun kan pàtó tí yóò máa tà lọ́pọ̀, bí Farin Gada ti ń ta ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì yé fipá mú alárobọ̀ tí ń ta súgà ní ìwọ̀n ife lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kan àwọn àgbà ẹgbẹ́ Yorùbá náà, bí ó tilẹ̀ korò. Ọ̀nà tí àwọn olùdíje ti mọ̀ láti pa ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́nu ni kí wọ́n ṣèlérí ìsọ̀ fún ẹ̀yà: ogún fún Yorùbá, ogún fún Ìgbò, ọgbọ̀n fún àwọn tí wọ́n pọ̀ jù. Ìpàdé a tún pàtẹ́wọ́. Ta ni yóò gba ogún ìsọ̀ náà? Kì í ṣe ìyá tí ó jókòó ní Ahmadu Bello Way. Ẹni tí ó jókòó sí iwájú nínú ìpàdé ni yóò gbà á, yóò sì yá a fún ẹlòmíràn ní iye tí ìyá náà kò lè san. Bí ìsọ̀ bá ti ọwọ́ ẹgbẹ́ kọjá lọ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣòwò, títì ni yóò wà, oníbàárà kò sì ní bi í pé ẹ̀yà wo ni ó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá gba ìlérí bẹ́ẹ̀ ní orúkọ àwọn ọlọ́jà ti di ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí ọjà náà kò fi ní èrò.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ní ìwé ìsọ̀ Terminus tí wọ́n gbà kí iná tó jó o. Àwọn kan ti kú, ìwé náà sì wà lábẹ́ àpótí aṣọ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn. Kò sí ìjọba kan tí ó lè sọ pé òun kò mọ àwọn tí ó ni ọjà, nítorí pé òǹtẹ̀ ìjọba wà lórí ìwé wọ̀nyẹn. Olùdíje tí ó bá wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ kí ìbò tó dé, kí wọ́n gbé díẹ̀ nínú wọn sí iwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.